Ẹ Kọ́kọ́ Wá Àìsàn Náà: Lẹ́tà sí Kọmíṣánnà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin Kọmíṣánnà wa,



Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya àwọn akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Abala 21 nínú òfin náà sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ẹni tí ìpèníjà rẹ̀ jẹ mọ́ ọpọlọ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Èkó ò tiẹ̀ dúró de Àbújá. Láti 2011 ni ìpínlẹ̀ wa ti ṣe òfin tirẹ̀, òun ló bí LASODA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá. Mo tẹ abala 21 yẹn sórí ìwé, mo mú un dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gbowó ní ilé ìwòsàn ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ kà á délẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ra káàdì." Ọmọ gidi ni. Kò sí ọ̀gá kankan tó tíì sọ fún un pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ owó ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló jù nínú ẹjọ́ mi. Ohun tó jù níbẹ̀ ni pé bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gbé nǹkan bá ń ṣàìsàn, àwọn ilé ìwòsàn wa kì í wá àìsàn ọ̀hún. Bí wọ́n bá ti rí ojú rẹ̀, tàbí tí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ti parí. Ohun yòówù kó máa ṣe é, orí ọpọlọ yẹn ni wọ́n ń kó o lé. Kò jẹun? Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ń sunkún lóru? Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Gbólóhùn yìí ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn dé sàréè, bẹ́ẹ̀ àìsàn tó pa wọ́n, oògùn rẹ̀ wà lórí igbá.

Àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Down syndrome ni wọ́n bí mọ́ ọn. Krómósómù kan wà tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 21. Méjì ló jẹ́ lára èmi àti ẹ̀yin, mẹ́ta ni lára tirẹ̀, láti inú oyún ló sì ti rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ṣe é, kò sì sí ẹ̀bi ìyá wa kankan níbẹ̀ (mo ń sọ ìyẹn sókè nítorí àwọn ìyá ọkọ ṣì wà tó ń bi aya ọmọ wọn pé kí ló jẹ nígbà tó lóyún). Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bá mi ká aṣọ, ó mọ ẹni tó yẹ kó kí kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kò sì sí orin Sunny Adé tí yóò bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò tí kò ní gbè é.

Nígbà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ gbá orí ara rẹ̀. Ó kọ oúnjẹ. Bó bá di òru, á dìde jókòó, á máa ké. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí nọ́ọ̀sì ṣe fẹ́ fọwọ́ kàn án lójú, ó gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dànù. Kíá, wọ́n ti pe ọkùnrin mẹ́rin, wọ́n dì í mú mọ́lẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé oníjà ni, wọ́n sì ní kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Wọn ò la ẹnu rẹ̀ wò, wọn ò sì yẹ etí rẹ̀ wò. Dókítà agùnbánirọ̀ kan ní ibòmíràn ló wá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, tó bá a sọ̀rọ̀ orin títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, tó wá mú tọ́ọ̀ṣì kékeré wo inú etí rẹ̀. Ọyún ló kún ibẹ̀. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ni wọ́n fún wa. Kò pẹ́ rárá tí àbúrò mi fi padà sídìí aṣọ kíká.

Kí wèrè àti ọpọlọ tí kì í tètè gbé nǹkan má jọ ara wọn lójú dókítà, ìyẹn nìkan ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ ìyà ọjọ́ yẹn. Wèrè a máa dé bá ẹni tí orí rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, ó sì lè lọ bí a bá tọ́jú rẹ̀. Èyí tí àbúrò mi ní kì í ṣe àìsàn. Bí a ṣe dá a nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà. Àìsàn a máa wá bá a láti ìta, bó ṣe ń wá bá gbogbo wa.

Òótọ́ ni pé ó ń wá bá irú wọn ju bó ṣe ń wá bá wa lọ, èyí gan-an ló sì yẹ kó mú kí ilé ìwòsàn tètè máa fura. Ẹni tó bá fi ìdajì wákàtí kàwé nípa Down syndrome á ti mọ̀ pé ihò etí wọn há, pé etí kì í pẹ́ dùn wọ́n. Á mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì wọn ni ọkàn wọn ti ní àbùkù láti inú oyún, tó fi yẹ kí wọ́n yẹ ọkàn ọmọ náà wò kó tó pẹ́ láyé. Á mọ̀ nípa thyroid, ohun kékeré tó wà ní ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára. Bí thyroid bá dẹwọ́ iṣẹ́, ó sì ń dẹwọ́ lára wọn ju lára àwọn yòókù lọ, onítọ̀hún á máa tòògbé, á máa sanra, òtútù á máa mú un, ìgbẹ́ rẹ̀ á le. Àwọn ará ilé á ní ó ń ya ọ̀lẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ló ń tú u fó, hóró oògùn kan lójúmọ́ ló sì ń tún un ṣe. Ní Amẹ́ríkà ní 1983, ọjọ́ orí tí wọ́n ń retí pé kí ẹni tó ní Down syndrome lò kò ju nǹkan bí ọdún 25 lọ. Lónìí, ó ti tó 60. Krómósómù wọn ṣì jẹ́ mẹ́ta. Ohun tó yí padà ni pé iṣẹ́ abẹ ọkàn dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn wọn sí àìsàn. Ẹ̀mí gígùn náà ní ẹrù tirẹ̀, nítorí ìgbàgbé àwọn arúgbó tí wọ́n ń pè ní Alzheimer a máa tètè dé bá wọn, nígbà míràn kí wọ́n tó pé àádọ́ta ọdún. Nígbà yẹn, bàbá àti ìyá tó mọ ìṣe wọn lè ti kú.

Down syndrome ni mo mọ̀ jù nítorí òun ló wà nínú ilé mi. Àwọn yòókù ńkọ́? Mo mọ ìyá kan ní àdúgbò wa tí ara ọmọ rẹ̀ le gbagidi, tí kò lè dá jókòó. Bí ìyá àgbà ṣe ń rọ ọmọ lágbo ni wọ́n ṣe ń rọ òun náà lẹ́kọ: ọmọ nà gbalaja lórí ẹsẹ̀, orí sọ sẹ́yìn, ẹ̀kọ ń wọlé. Èyí tí kò gba ọ̀nà ọ̀fun á yà sí ẹ̀dọ̀fóró. Òtútù àyà á dé, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, á tún dé. Òtútù àyà irú èyí wà lára ohun tó ń pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jù. Kò sí nọ́ọ̀sì kan tó tíì fi han ìyá yẹn bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ dìde jókòó, kí àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí oúnjẹ rẹ̀ ki, kí ṣíbí kéré. Iye owó tí ẹ̀kọ́ yẹn máa ná ìjọba, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Eyín ńkọ́? Ẹni tí kò lè sọ pé eyín ń dun òun, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa bù jẹ. Inú tó dí ńkọ́? Ìgbẹ́ tí kò jáde fún ọ̀sẹ̀ kan, méjì, ti pa àgbàlagbà ní ilé ìwòsàn ní ìlú tó ní dókítà jù wá lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò.

Ti wárápá tún ní ìbànújẹ́ tirẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín wọn, bí ọpọlọ bá sì ṣe fara pa tó ni ó ṣe ń wọ́pọ̀ tó. Oògùn rẹ̀ wà, kì í ṣe oògùn tuntun, ọ̀pọ̀ ló sì ń lò ó tí kì í tún gbé wọn. Ṣùgbọ́n oògùn wárápá kò gbọdọ̀ já. Bí a bá dá a dúró lójijì, ó lè gbé èèyàn láìdáwọ́ dúró títí ẹ̀mí á fi bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé kan ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ á wọ ọkọ̀ wá sí àárín ìlú torí oògùn tó yẹ kó wà ní ilé ìlera alábọ́dé tó wà ní ìtòsí wọn. Nígbà tí owó ọkọ̀ bá wọ́n, oògùn á já.

Ilé àgbo ni ẹlòmíràn á wá yà sí. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa àgbo gìrì tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màálù ṣe, tí wọ́n ń rẹ ewé tábà, ááyù, efinrin, àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí. Ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó ń mú kí èémí rẹ̀ rẹlẹ̀. Gìrì tí ibà mú wá, tí ì bá lọ bí ibà náà bá ti lọ, á wá di ọpọlọ tó bàjẹ́ títí ayé. N kò sọ pé gbogbo àgbo ló burú. Èmi náà mu ọ̀pọ̀ dàgbà. Èyí burú.

Mo ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n kúkú yà débẹ̀, nítorí abẹ́ àṣẹ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn fara pa ní Èkó, wọn kò bí i mọ́ wọn. Ojú ọmọ pọ́n ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní oòrùn àárọ̀ á wò ó. Bí ibà pọ́njú yẹn bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ ló ń wọ̀, ibi tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀, ó bàjẹ́ náà nìyẹn: etí lè di, ara lè le, ọmọ lè má lè di ọrùn mú. Nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín wa ló ní àìtó ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD. Ó lè má sí wàhálà níbẹ̀ títí ọjọ́ tí ìyá á fi ṣí àpótí, tí á kó aṣọ tí wọ́n ti fi kánfọ̀ sí láti ìgbà ọmọ tó ṣáájú jáde nítorí ìkómọ. Òórùn kánfọ̀ yẹn tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wẹ́wẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n koko. Èèyàn mélòó ni wọ́n sọ èyí fún ní ibi ìtọ́jú aláboyún? Iná aláwọ̀ búlúù ló ń wo ibà pọ́njú ọmọ tuntun, iná NEPA sì ni iná NEPA. Àwọn onímọ̀ kan ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ níhìn-ín, ní Èkó, wọ́n ta ike pàtàkì kan bí àtíbàbà láti sẹ́ oòrùn, kí èyí tó ń jó ara dúró síta, kí èyí tó ń wo ọmọ sàn wọlé. Ó ṣiṣẹ́ bí iná náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 2015 ni ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, New England Journal of Medicine, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ilé ìbímọ ìjọba mélòó ni ike yẹn wà lónìí, Kọmíṣánnà? Ẹ̀yin lẹ lè bá wa wádìí rẹ̀.

Mo padà sí ọ̀nà. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kì í ṣe ọgbọ́n ni àwọn nọ́ọ̀sì wa kò ní, ẹ̀kọ́ tí a ò fún wọn ni. Ní ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oliver McGowan, ọmọ ọdún 18. Ó ní autism, ó ní wárápá, ìpèníjà díẹ̀ sì wà nínú bó ṣe ń kọ́ nǹkan. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ sọ fún ilé ìwòsàn pé kí wọ́n má fún òun ní irú oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí orí wọn dàrú, pé kì í bá òun lára mu. Wọ́n fún un. Ó kú ní 2016. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, títí òfin fi jáde ní 2022 pé gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera ní England gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọmọ yẹn ni wọ́n fi pe ẹ̀kọ́ náà. Níbẹ̀ náà, bí ẹni tó ní ìpèníjà yìí bá ti pé ọmọ ọdún 14, ó lẹ́tọ̀ọ́ kí dókítà àdúgbò máa yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀ lọ́dọọdún, yálà ó ń ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn.

Ta ló kún àwọn ilé ìwòsàn yẹn? Àwọn ọmọ wa ni. Nọ́ọ̀sì tí a kọ́ níṣẹ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí London, òfin ti mú un jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí níbẹ̀. Ó mọ̀ pé kí òun dojú ọ̀rọ̀ kọ aláìsàn fúnra rẹ̀ kí òun tó bi ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ bá yí ìwà padà, kí òun kọ́kọ́ wá ibi tó ń dùn ún. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró sìn wá nílé, tó ń tọ́jú ogójì aláìsàn lóru kan, kò sẹ́ni tó fi hàn án. Kò sí ẹ̀bi tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé ohun tí wọ́n á kọ́ wọn ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun tí a kì í sọ níta. Àwọn ọmọbìnrin wa tó ní ìpèníjà yìí ń dàgbà, wọ́n ń ṣe nǹkan oṣù, àwọn ọkùnrin burúkú sì mọ àdírẹ́sì wọn. Nígbà tí oyún bá yọ ni wọ́n tó ń rí dókítà, ohun tí àwọn kan sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni bí wọ́n ṣe lè dí ilé ọmọ ọmọbìnrin náà pa láìbi í léèrè. Kí wọ́n bi í. Kí wọ́n sọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n dúró de èsì. Kí wọ́n sì pe ọlọ́pàá mọ́ ọkùnrin náà.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ kọ ìwé àṣẹ sí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba àti ilé ìlera alábọ́dé ní ìpínlẹ̀ yìí pé, bí ẹni tó ní ìpèníjà ọpọlọ bá wọlé tí ìwà rẹ̀ yí padà, etí, ẹnu, ikùn, ìtọ̀ àti ìwọ̀n ara gbígbóná rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fa abẹ́rẹ́ oorun yọ, àyàfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Kí wọ́n gba ojú ìwé kan tí ẹbí bá mú wá, kí wọ́n fi í sí iwájú fáìlì. Èmi ti kọ ti àbúrò mi. Ó wà níbẹ̀ pé bó bá ń fa aṣọ mi, ara ló ń dùn ún; pé kì í fẹ́ kí wọ́n ti ẹ̀yìn fọwọ́ kan òun; pé kó rí abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gún un dára ju kí wọ́n fi pamọ́ fún un lọ; orúkọ oògùn tó ń lò àti iye ìgbà. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ni nọ́ọ̀sì á ti kà á tán. Ẹ jẹ́ kí irú wọn máa ṣáájú lórí ìlà, nítorí ẹni tí kò mọ ìdí tí òun fi ń dúró kò lè dúró de nọ́ńbà 87.

Ẹ lẹ abala 21 mọ́ ojú fèrèsé ìgbowó, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀fẹ́ yẹn bá wúwo fún àpò ìjọba, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa, Ìlera Èkó, wà nílẹ̀, òfin ìlera adójútòfò ti 2022 sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò rọ́wọ́ họrí. Ẹ kó wọn síbẹ̀, kí àyẹ̀wò ọdọọdún jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, kí thyroid àti oògùn wárápá sì wà lára rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Modupe Cole ní Akoka ti lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú irú àwọn ọmọ yìí. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì máa lọ fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó tì wọ́n. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ti ìjọba ìpínlẹ̀ sì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yín. Ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda Àbújá.

Nínú gbogbo èyí, ìwé àṣẹ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú, nítorí kò nílò ètò ìṣúná, kò nílò káńtíráàtì, bírò yín ló nílò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú kí ọdún yìí tó parí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí LASODA, kí àwa ẹbí lè rí i mú dání nígbà tí a bá tún ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n ọmọ kan ní Bàrígà